Ọjọ́ Tí Mama Cécile Jẹ́ Ẹ̀jẹ́

Aṣọ ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí mo dá nìkan rán láyé mi, ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ ló wọ̀ ọ́. Lomé ni mo ti rán an, ní ilé ìránṣọ kan ní Djidjolé. Títí di òní, bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún èèyàn, ara mi kì í gbà mí láti jókòó. Màá dìde, màá máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọrùn aṣọ náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí aṣọ, ó yẹ kí n sọ bí èmi ọmọ Ṣakí ṣe di ará ilé ẹni tó wọ̀ ọ́.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ parí kí n tó kúrò nílé. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ló sọ fún wa pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Tanti Afi ń wá ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ní Lomé. Mo ní ọdún kan péré ni màá lò. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ń lọ sí Kútọnu nígbà èwe àwọn, ibẹ̀ ni àwọn sì pẹ́ sí títí ìyá àwọn fi ránṣẹ́ pe àwọn. Wọ́n gbé àpò mi dé ibi ọkọ̀, wọ́n fi àmì àgbélébùú sí iwájú orí mi, wọ́n ní kí n má pa Mísà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pínyà.

Òkun ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Mo ti rí i nínú àwòrán, ṣùgbọ́n àwòrán kì í pariwo. Mo dúró létí rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, bàtà mi wà lọ́wọ́ mi, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, mi ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Gbogbo nǹkan ló ń dùn mọ́ mi nígbà náà: búrẹ́dì gígùn tí àwọn èèyàn ń fi sábẹ́ abíyá lọ sílé, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn ní bonjour dáadáa kí wọ́n tó ra abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yìn náà ni mo wá mọ̀ pé mo ti di odi. Nílé, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ìyá mi máa ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí etí àwọn sinmi. Ní Lomé, Faransé ń kọjá lápá ọ̀tún mi, Mina, èdè àwọn ará ìlú náà, ń kọjá lápá òsì, èmi wà láàárín, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé aṣọ wá, ó ní òun fẹ́ ẹ "sans manches". Mo ti kọ́ pé "manches" ni apá aṣọ. Mi ò tíì kọ́ pé "sans" ni pé kó má sí. Mo fara balẹ̀, mo rán apá gígùn sí i, mo to bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ sí ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí obìnrin náà dé, ó wo aṣọ, ó wò mí, ó fa àga, ó jókòó.

Tanti Afi ti ṣòwò ní Èkó rí, wọ́n gbọ́ Yorùbá tó wọ́n lè fi bá mi wí.

"Ó ní òun ò fẹ́ apá rárá," Tanti Afi ní.

"Mo rò pé apá ló ní òun fẹ́, Tanti."

"Èyí tó o rán yìí kì í tún ṣe apá. Ẹ̀wù Bíṣọ́ọ̀bù lo rán."

Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Obìnrin náà mú aṣọ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú apá. Nígbà tó padà wá, aṣọ mìíràn ló gbé lọ́wọ́, irú apá yẹn ló sì ní kí n tún rán sí i. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Tógò nìyẹn. Mo pe ilé, mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín lórí fóònù bíi pé wọ́n wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo lọ sí Mísà.

Mo lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Faransé ni wọ́n fi ka Ìwé Mímọ́, Ewe ni wọ́n fi kọrin, mi ò gbọ́ ìkankan. Síbẹ̀ mo mọ ibi tí a dé. Mo mọ ìgbà tó yẹ ká dìde, mo mọ ìgbà tó yẹ ká kúnlẹ̀. Nígbà tí agogo kékeré dún, tí Fàdá gbé Ara Olúwa sókè, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní Ṣakí. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti jẹ́ àlejò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi.

Ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. Ìyá àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, wọ́n wé gèlè funfun. Wọ́n bi mí léèrè ní Faransé, mi ò lè dáhùn. Wọ́n bi mí ní Mina, mi ò lè dáhùn. Wọ́n wá kùn sínú, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí ló ń pa ọmọ yìí lẹ́kún. Mo yíjú padà kíá. Kì í ṣe Yorùbá tiwa gan-an. Ó dà bíi pé wọ́n mú Yorùbá gba orí òkè àti inú igbó kọjá kó tó dé etí mi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

"Ayọ̀ ni, Mama," mo ní.

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "O gbọ́ Ifẹ̀?"

"Yorùbá ni mò ń sọ, Mama."

"Ọ̀kan náà ni. Ẹ̀yin kàn ń sáré sọ tiyín ni."

Bí mo ṣe mọ Mama Cécile nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Ifẹ̀ ti Atakpamé ní Tógò níbẹ̀ ni wọ́n, àti ọkọ wọn, Papa Antoine, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Adidogomé ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ọjà Assiyéyé. Mama Cécile ló ń fọ àwọn aṣọ pẹpẹ fún ìjọ wa, wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí Fàdá tó wà níbẹ̀ báyìí ti wà ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí àkókò àti gba Kòmúníọ̀nù bá tó, tí gbogbo ìlà wa bá dìde, Mama Cécile á fa ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn kí a lè kọjá, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀, wọ́n á pa ojú dé.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìdí rẹ̀: àwọn àti Papa kò tíì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjọ kì í sì í fún irú wọn ní Kòmúníọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra, ìdílé méjèèjì ṣe ìdána ní Atakpamé, wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀ṣì yóò tẹ̀lé e bí agbára àsè bá ti wà. Agbára àsè kò wá. Ọmọ dé, iṣẹ́ gbé Papa káàkiri, ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì dàgbà, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti Mama. Wọ́n ní ta ló fẹ́ rí irun funfun nínú aṣọ ìyàwó.

Bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ. Papa Antoine ló kọ́ mi ní Faransé. Wọn kò pè mí lórúkọ rí, "Ṣakí" ni wọ́n ń pè mí.

"Ṣakí, jókòó. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín àfi èmi."

Wọ́n sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Wọ́n á ní kí n ka ìròyìn sókè, bí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, èjìká wọn á máa mì. Mama á ti inú ilé ìdáná sọ pé kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó ka Rósárì pọ̀, Papa ní Faransé, Mama ní Ifẹ̀, èmi ní Yorùbá. Kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kejì, síbẹ̀ ibì kan náà la máa ń parí sí.

Ìgbà tí mo ti ń rò pé mo ti mọ Lomé ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá mi jókòó láti sinmi lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kò sì dìde mọ́. Kò sí àìsàn kankan. Nítorí ìdí kan àti òmíràn lẹ́nu ibodè, kí n tó lè dé ilé, wọ́n ti sin wọ́n. Mo padà sí Lomé, mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mi ò lọ sí Mísà mọ́. Mi ò bá Ọlọ́run jà. Mi ò kàn ní ohun tí mo fẹ́ bá a sọ.

Mama Cécile kò wá fún mi ní ìwàásù. Wọ́n rán zémidjan wá gbé mi lọ́jọ́ Ẹtì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a jókòó, Papa Antoine bi mí pé, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n tún un pè títí ó fi dúró lẹ́nu wọn. Nígbà tí a ka Rósárì tán, tí a dé ibi tí wọ́n ti máa ń dárúkọ àwọn òkú ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí wọn, ọmọ wọn kan tó kú ní kékeré, mo gbọ́ orúkọ bàbá mi láàárín wọn, ní ohùn olùkọ́, ketekete, bíi pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kò tún sí ọjọ́ tí wọn kò dá a. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Bàbá mi kò dé Lomé rí, ṣùgbọ́n ilé kan wà ní Adidogomé tí wọ́n ti ń dárúkọ wọn níwájú Ọlọ́run, ibi tí wọ́n bá sì ti ń dárúkọ bàbá èèyàn, ṣé èèyàn ṣì lè ní àjèjì ni òun níbẹ̀? Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo padà sí Mísà.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Papa Antoine ṣubú nínú àgbàlá. Ọsibítù dá wọn dúró díẹ̀, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Dókítà ṣàlàyé fún àwọn ọmọ wọn pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé kò sí ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe sí i mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí Papa sinmi láàárín ẹni tiwọn. Papa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé àga àwọn sínú àgbàlá, níbi tí àwọn á ti máa rí Mama bí wọ́n bá ń fọṣọ.

Ibẹ̀ ni Fàdá ti bá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́ ni Fàdá wa, Papa ló kọ́ wọn ní ABD.

"Fàdá," Papa ní, "mo fẹ́ gbéyàwó."

Fàdá wò mí, wọ́n wo Papa. "Ìyàwó wo, Papa?"

"Èyí tó ń fọṣọ lọ́hùn-ún yẹn. Mo ti wò ó dáadáa, mo rò pé yóò ṣe é."

Mama kò gbójú sókè. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Fàdá. Oògùn ló ń sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n Fàdá ti rí ojú Papa. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ní kò sí àsè tó pọn dandan, kò sí ariwo, pé àwọn lè ṣe é nínú àgbàlá yìí gan-an. Mama ń fún aṣọ kan ṣáá, aṣọ tí kò lómi nínú mọ́. Nígbà tó yá wọ́n dìde dúró.

"Mo mọ ohun tí ẹ máa ní kí n sọ," Mama ní. "Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọge àìmọye ìgbà, èmi ni mo fọ aṣọ tí wọ́n tẹ́ síwájú wọn. Ẹ máa ní kí n sọ pé títí ikú yóò fi yà wá. Ó ti wà nínú ilé mi, Fàdá. Ó ń bá wa jẹun. Mi ò ní í fi ẹnu ara mi pè é lórúkọ."

Papa Antoine ló sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí èémí wọn kì í tó.

"Cécile, ebi wá, kò lè yà wá. Ìyá mi wá, kò lè yà wá. Ìjọba gbé mi lọ kọ́ ọmọ ní Dapaong, ìwọ wà ní Atakpamé, kò lè yà wá. Ó ku ẹyọ kan. Mo fẹ́ dúró níwájú Ọlọ́run kí n sọ pé ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Òun náà kì í ṣe ọ̀gá lọ́dọ̀ Ẹni tí a fẹ́ sọ ọ́ létí rẹ̀."

Mama nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, èmi àti Mama jọ ń lọ aṣọ pẹpẹ. Èmi ń wọ́n omi sí i, Mama ń ti áyọ́ọ̀nù. Papa ń sùn nínú yàrá. Láì wò mí, Mama bi mí pé:

"Bàbá rẹ, kí ni wọ́n bá ọ sọ kẹ́yìn?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo lọ sí Mísà."

"Kí lo wí?"

"Fóònù já kí n tó dáhùn."

Áyọ́ọ̀nù dúró. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu mi.

"Mama, bí ẹnì kan bá lè fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi, kí wọ́n jókòó, kí èmi náà jókòó, kí àwa méjèèjì mọ̀ pé à ń dágbére ni, mi ò ní í kọ̀ ọ́. Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Bóyá màá kàn di ọwọ́ wọn mú. Ṣùgbọ́n mi ò ní í kọ̀ ọ́."

Mama Cécile gbé áyọ́ọ̀nù náà sórí irin rẹ̀. Wọ́n ká aṣọ pẹpẹ náà, wọ́n tún un ká, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Téèpù rẹ wà nínú àpò rẹ?"

"Ó wà, Mama."

"Wá wọ̀n mí."

Bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ni mo fi gun zémidjan padà sí Djidjolé. Ẹni tó gbé mi ń bi mí bóyá wọ́n ti fún mi ní físà ilẹ̀ Faransé. Mo ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sáré wọlé bá Tanti Afi, mo rò ó fún wọn. Wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní èmi ni màá gé e, èmi ni màá rán an, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án.

"Apá ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"Avec manches, Tanti."

"O ti gbọ́ Faransé," Tanti Afi ní.

Funfun ni Mama fẹ́. Mo ti rò pé wọ́n á mú àwọ̀ mìíràn nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń fọ funfun fún Ọlọ́run. Ó tó kí èmi náà wọ ọ̀kan." Mo wá òwú tó nípọn díẹ̀, tó lè gba sítáàṣì, mo ṣe ọrùn rẹ̀ pẹrẹsẹ bíi ti ìgbà àtijọ́, mo jẹ́ kí apá rẹ̀ wú díẹ̀ ní èjìká kí egungun Mama má hàn. Bí mo ṣe ń rán an, mò ń kọrin. Àwọn oníbàárà ń wọlé wá wò ó. Obìnrin tí mo rán apá Bíṣọ́ọ̀bù fún mú lẹ́ẹ̀sì wá láti ilé rẹ̀, ó ní kí n fi sí etí ìbòrí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ti dá fún ìgbéyàwó náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fàdá pè mí. Wọ́n ní èémí Papa ti ń kúrú, kí a ṣe é lọ́la ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ kò tíì ní etí ìsàlẹ̀. Tanti Afi ti ilẹ̀kùn ilé ìránṣọ, wọ́n ní bí ẹ̀rọ kan bá dún fún aṣọ mìíràn, àwọn á fọ́ ọ. Ẹnì kan ń ṣe bọ́tìnnì, ẹnì kan ń lọ̀ ọ́, èmi ń rán etí rẹ̀. Kò parí. Pínnì ni mo fi mú apá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ìró wé e, mo gbé e lé orí bí ẹni gbé omi, mo gun zémidjan lọ sí Adidogomé. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mò ń sọ fún Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí n bá wọn. Ọlọ́kadà náà gbọ́ mi, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní Mina, ó sì ń yà fún kòtò bí ẹni gbé ẹyin.

Mo bá wọn. Papa Antoine jókòó sórí àga nínú àgbàlá, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ń kọ́ni, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ wọn ti dé láti Kara, èyí tó wà ní Abidjan wà lórí fóònù tí ẹnì kan gbé dání. Mo wọ Mama láṣọ nínú yàrá. Wọn kò wo dígí. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé mo dà bí aṣíwèrè?" Mo ní, "Ẹ dà bí pẹpẹ, Mama." Wọ́n lu ọwọ́ mi.

Nígbà tí Mama jáde, Papa gbìyànjú láti dìde. A ní kí wọ́n má dìde. Wọ́n dìde. Ọmọkùnrin wọn dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn, wọ́n dúró, wọ́n wo Mama láti orí dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì bọ́ fìlà.

Papa ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ tiwọn, ní ẹyọ ẹyọ. Ó wá kan Mama. Ifẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, Fàdá ti gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ pé nínú ayọ̀ àti nínú ìbànújẹ́. Wọ́n sọ pé nínú ìlera àti nínú àìsàn. Wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dúró. Fàdá kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Papa kàn ń wo Mama.

Mama Cécile gbé ojú sókè. "Títí ikú yóò fi yà wá," wọ́n ní, ohùn wọn sì lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ìyá ilé tó ń fi ìjókòó han àlejò. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí nínú ìwé: "Ọlọ́run yóò sì kó wa jọ."

Fàdá ní Àmín. Wọ́n fi òróró mímọ́ yan Papa níwájú orí àti lọ́wọ́, wọ́n sì gbé Kòmúníọ̀nù jáde. Papa gbà á. Fàdá yí sí Mama. Ìyá tó ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún wa láti ìgbà tí àwa kò tíì sí láyé, wọ́n kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá pẹ̀lú aṣọ oní-pínnì yẹn, wọ́n ya ẹnu bí ọmọdé. A kò kọrin. Ẹ̀yìn náà ni ariwo sọ, tí Tanti Afi, tó ti tẹ̀lé mi dé, bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí wọ́n pín ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti bòtòkóin gbígbóná, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tiwọn, tí Papa Antoine jẹ ọ̀kan tán tí wọ́n tún béèrè èkejì.

Mo ti máa ń rò pé kéèyàn gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni pé kó dá a lójú pé ohun tí òun bẹ̀bẹ̀ fún yóò tẹ òun lọ́wọ́. Ilé yẹn ni mo ti rí i pé ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí Papa ṣe máa ń ṣe bí a bá fẹ́ gbé wọn kúrò lórí ibùsùn. Wọ́n á tú gbogbo ara sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé wọn, wọ́n á sì máa bá a ṣàwàdà. Lójoojúmọ́ nínú Rósárì là ń bẹ Màríà pé kó gbàdúrà fún wa nísinsìnyí àti ní wákàtí ikú wa. Mo ti kà á láti kékeré. Ní Adidogomé ni mo ti ronú kàn án pé wákàtí méjèèjì yẹn yóò di ọ̀kan lọ́jọ́ kan, pé ẹni tí à ń ké pè nísinsìnyí, a kò ní í jẹ́ àlejò lójú rẹ̀ nígbà náà.

Papa kò lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n tún bá wa gbé títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Inú ilé yẹn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyàwó mi" ni wọ́n ń pe Mama níwájú gbogbo àlejò, wọ́n ní ẹ má bínú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Bí mo bá kàwé tí mo ṣi í pè, wọ́n ní àwọn kò ní àkókò láti rẹ́rìn-ín, ìyàwó tuntun wà nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Mama ń kàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ètè wọn ń bá wa lọ. Nígbà tí a parí, ètè wọn kò mì mọ́. Mama fi ìka pa ojú wọn dé, wọ́n fi ẹnu kan iwájú orí wọn, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ wọn mú. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Atakpamé ni a sin wọ́n sí. Aṣọ funfun yẹn ni Mama wọ̀. Àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí kùn, Mama ní ẹ̀jẹ́ tí àwọn jẹ́ ni àwọn wọ̀. Létí sàréè, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá bu yanrìn. Mo fà sẹ́yìn sí àárín èrò. Bàbá àgbà kan tó ń ṣètò bi mí ní Ifẹ̀ pé ọmọ ta ni mí. Kí n tó rí èsì fọ̀, Mama Cécile ti dáhùn.

"Ọmọ wa ni. Ṣakí ni wọ́n ti bí i. Ẹ jẹ́ kó kọjá."

Wọ́n yà fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu yanrìn. Ó tutù nítorí òjò. Mo dá orúkọ Papa Antoine, mo sì dá orúkọ bàbá mi, sókè, ketekete, bí Papa ṣe máa ń dá a. Mama Cécile ní Àmín sí ọ̀kan, wọ́n ní Àmín sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n ní ebi ń pa àwọn, kí a wá nǹkan jẹ.